Ẹ Gbé Àwo Náà Jáde Bó Ṣe Wà

Ọ̀rọ̀ àwo orin kan ti pín àwọn olólùfẹ́ jùjú sí méjì nílùú Iléṣà. Ẹgbẹ́ eléré àgbà kan ló gba orin náà sílẹ̀ nígbà tí ọ̀gá wọn ṣì wà láyé. Àìsàn dé, ọ̀gá kú, téèpù wọ inú àpótí. Ní báyìí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti yọ ọ́ jáde, àwọn kan ní kí wọ́n gbé e síta lónìí kó má di ọ̀la. Àwọn mìíràn ní ká dáṣọ bò ó: ó ti rẹ ohùn ọ̀gá nínú rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ohùn aláìsàn gba ipò ohùn tí wọ́n fi jó níbi ìgbéyàwó wọn.

A ò bá wọn jà, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n a jókòó gbọ́ téèpù náà lágbàlá kan ní Òkèsà. Kí orin kejì tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wúkọ́, ó ní, "Ẹ rọra, ẹ má sáré." Gìtá wọlé, gángan tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ògiri gbójú sókè. "Ọkọ mi nìyẹn," ló wí. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un pé ta ló ń lù. Ó ti pẹ́ tí onígángan náà ti lọ. Ọwọ́ ìlù rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ fi dá a mọ̀.

Nítorí náà la ṣe ní kí àwo náà jáde. Èyí tí a kò fara mọ́ rárá ni ti àwọn tó ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ohùn ayédèrú tí yóò parí ibi tí ọ̀gá dé dúró. Wọ́n ń tọ́ka sí "Now and Then" tí àwọn Beatles, ẹgbẹ́ eléré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2023. Tìyẹn yàtọ̀. Ohùn John Lennon fúnra rẹ̀, ẹni tó kú ní 1980, ni ẹ̀rọ yọ kúrò lára dùùrù àti ariwo tó bò ó. Paul McCartney àti Ringo Starr tí wọ́n jọ ṣẹgbẹ́ ló sì parí iṣẹ́ náà. Ká gbọn eruku kúrò lára aṣọ olóògbé kọ́ ni ká lọ rán apá aṣọ ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Kí wọ́n sì tètè ṣe é o. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń ba lẹ́ẹ̀ tó di orin mú sára téèpù jẹ́. Tó bá ti ń yí, á máa hó sára ẹ̀rọ, orin á sì máa bá a ṣègbé. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà: kí ẹ̀ka ìmọ̀ orin ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba ẹ̀dà kan pa mọ́. I.K. Dairo, eléré jùjú ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó gba oyè MBE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, kú ní 1996. Rẹ́kọ́ọ̀dù ló jẹ́ kí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú rẹ̀ mọ bí àkọ́díọ́nì ṣe ń dún nínú jùjú.

Owó ńkọ́? Ìlú òṣómàáló ni Iléṣà. Àwọn baba wa kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè bí owó kò bá pé. Kí wọ́n kọ ìpín àwọn ẹlẹ́gbè, onígìtá àti opó onígángan sílẹ̀ kí àwo tó dọ́jà.

Orin tó kẹ́yìn gé lójijì láàárín ẹsẹ. Kí wọ́n jẹ́ kó gé bẹ́ẹ̀.