Ṣé kí ọmọ máa há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá sórí?

Ìyá Ìbejì, Ìtòkú: Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi ń múra JAMB. Ọ̀rọ̀ 20 ló ń há lójúmọ́ láti inú díṣọ́nárì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti A, ó ti dé C. Mo bi í léèrè ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò rántí ju mẹ́ta lọ. Ṣé kó máa bá a lọ?

Tíṣà Láfẹ́nwá: Rárá, mà. Omi inú ajere ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ sínú àròkọ pé ọjà Láfẹ́nwá “noisome”. Ariwo ló ní lọ́kàn, torí iwájú ọ̀rọ̀ náà jọ “noise”. Òórùn burúkú ni “noisome” ń sọ! Kò bá “noise” tan rárá, “annoy” ni ẹbí rẹ̀.

Ọmọ Kútọ̀: Ẹ dákun, sà. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì ní JAMB, 40 ni ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yòókù. Ẹni tí kò há, kí ló fẹ́ fi dáhùn? Èmi há a, mo sì yege.

Tíṣà Láfẹ́nwá: Mi ò ní kó má há. Gbòǹgbò ni kó há. “Bene” ni dáadáa lédè Látìn, “male” ni burúkú. Ẹni tó mọ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ “benevolent”, “malevolent”, “benediction” àti “malediction”.

Bọ̀dá Ìbarà: Kí wọ́n sì fi Yorùbá dè é mọ́lẹ̀. Onínúure ni “benevolent”, èpè ni “malediction”. Ọmọ wo ló máa gbàgbé èpè? Ní 1843, kí Ajayi Crowther tó dé Abẹ́òkúta yìí, ó ti to ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì sínú ìwé kan náà.

Ọmọ Kútọ̀: Bọ̀dá, kò sí Yorùbá nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì o.

Bọ̀dá Ìbarà: Kò sí nínú ìwé ìdánwò, àmọ́ ó wà lórí ọmọ tó fẹ́ ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Ìtòkú: Ẹ ṣeun gan-an. Lálẹ́ àná, mo ro ẹ̀kọ láfún tí mo fẹ́ fi ya àdìrẹ, mo sọ ọ́ kalẹ̀ kó tutù. Ìgbà tó dì, mo pe ọmọ náà, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀, mo ní, “Kí ni òyìnbó ń pe ohun tó ṣe yìí?” Ó wò ó títí. Ló bá pariwo: “Congeal!” Ó ní òun há a lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láàárọ̀ yìí mo tún bi í, kò tíì gbàgbé.