Ẹ Jẹ́ Kí Á Jọ̀wọ́ Ọkọ̀ Bàbá Wa

Láti ìgbà tí mo ti sọ fún ẹbí pé mo ti rí ẹni tí yóò ra ọkọ̀ Bedford tí bàbá wa fi sílẹ̀ sẹ́yìn ilé ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ìpè kò dáwọ́ dúró lórí fóònù mi. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà fi ohùn ránṣẹ́, ẹkún ló sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó wà ní Èkó ní ogún kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fà lé oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù lọ́wọ́. Ìbátan wa kan, tí n kò fojú kàn láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá, kọ ọ́ sójú WhatsApp ẹbí, níbi tí àwọn ọmọ mi náà ti lè kà á, pé ojúkòkòrò owó ló ń dà mí láàmú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ èrò ọkàn mi ní gbangba: ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣe tán láti tọ́jú, ó yẹ kí á jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹni tí kò bá sì tíì ná kọ́bọ̀ lé e lórí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi omijé dí wa lọ́nà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdílé wa mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ lásán, òun ni bàbá wa fi ń kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ káàkiri. Láti ìgbà tí Hubert Ogunde ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1945, tó sì sọ eré orí ìtàgé di iṣẹ́ òòjọ́, ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ti ń fi mọ́tò rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, títí tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi lé ní 100 nígbà tí ọdún 1980 fi wọlé dé. Ẹgbẹ́ bàbá wa kò lókìkí tó ti Duro Ladipo tàbí ti Kola Ogunmola, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ gidi ni, inú ọkọ̀ Bedford yẹn ló sì ń gbé. Iwájú ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ló ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àwọn káfíńtà Ìbàdàn níbí ló fi pákó kan ara rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún bọ́lẹ̀kájà ayé ìgbà náà. Bàbá ní kí wọ́n yọ àwọn bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn kúrò, kí wọ́n sì tẹ́ ibùsùn pákó gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, abẹ́ ibùsùn náà ni àpótí aṣọ eré ń wọ̀. Àwọn ìlù wà nídìí ilẹ̀kùn, jẹnẹrétọ̀ àti iná ìtàgé wà lẹ́yìn pátápátá, sítóòfù àti ìkòkò ọbẹ̀ wà nínú agbọ̀n tí wọ́n so mọ́ igun kan kí ó má baà dà nígbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lórí òrùlé, òun ni wọ́n fi ń polówó eré káàkiri ìlú lọ́sàn-án, kí ilẹ̀ tó ṣú tí eré yóò bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá ṣeré tán ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ṣakí tàbí ní Ilé-Olújì, tí owó ẹnu ọ̀nà kò sì tó san owó yàrá, inú ọkọ̀ ni gbogbo wọn ń sùn, àwọn obìnrin lórí pákó, àwọn ọkùnrin lórí ẹní nílẹ̀. Oyún àbúrò mi yìí, ẹni tó ń sunkún ní Kánádà, wà nínú màmá wa nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí Jọ́ọ̀sì láti lọ ṣeré fún àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa kún bo ìlú, tó gbé ilé, mọ́tò àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí lọ, Oǹdó ni ọkọ̀ náà wà pẹ̀lú gbogbo aṣọ àti ìlù ẹgbẹ́. Omi wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí nítòsí odò, kò sì ṣẹ́ ohunkóhun kù níbẹ̀. Títí bàbá fi kú ló ń sọ pé ọkọ̀ yẹn ló gba ẹgbẹ́ òun là. Mo ń sọ gbogbo èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́ tà. Orí ibùsùn pákó yẹn ni mo ti kọ́ ìwé kíkà.

Ohun tí ẹbí kò fẹ́ gbọ́ ni bí ọkọ̀ náà ṣe kú. Nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lábẹ́ SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, láti ọdún 1986, owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ di ohun tí apá ẹgbẹ́ kò ká mọ́. Lẹ́yìn náà ni fídíò dé, àwọn olùwòran bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sílé wọn, àwọn òṣèré náà sì ń lọ síbi tí kámẹ́rà wà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní àkókò yẹn, ọkùnrin kan tó ń kó iṣu láti Ṣakí wá sí ọjà Bódìjà wá bá bàbá wa pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún ketekete nígbà náà, owó tí ọkùnrin náà sì fi lọ̀ ọ́ kì í ṣe owó kékeré. Bàbá kọ̀. Ó ní fídíò kò ní pẹ́ sú àwọn ènìyàn, pé wọn yóò tún ránṣẹ́ pe àwa. Láràárọ̀ ló ń jáde lọ ṣíná rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná díẹ̀, yóò sì nu gíláàsì iwájú kí ó tó wọlé wá jẹun. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ elépo daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1994, tí epo sì di góòlù, kò ríbi rà á mọ́, nígbà tí epo fi máa padà, bátìrì ti kú. Báyìí ló ṣe dúró. Ọkùnrin oníṣu náà ra Bedford mìíràn. Mo rí i ní ojú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, tó di iṣu dé òrùlé, ọkọ̀ náà ń lọ ní tirẹ̀. Èyí ni mo máa ń rántí bí wọ́n bá ní kí n má ta ọkọ̀ bàbá. Ìfẹ́ tí a fi dì í mú ló pa á.

Ní oṣù tó kọjá, mo mú mẹkáníìkì àgbà kan wá láti Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù, ọkùnrin tó ti ń tún Bedford ṣe nígbà tí Bedford ṣì pọ̀ lójú pópó. N kò sọ fún un pé mo fẹ́ tà á. Mo ní kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sọ ohun tí yóò ná wa kí ó tó lè dìde. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ń gbọ́ bí ó ti ń fi sípánà kan ṣáásì láti iwájú lọ sẹ́yìn. Níwájú, ìró náà le. Nígbà tó fi máa dé àárín, ìró náà kú. Nígbà tó jáde, ìpẹtà pupa ti bo irun rẹ̀. Ó ní ṣáásì ti jẹ ní ibi tí kò ṣeé jó, nítorí bí wọ́n bá gbé iná sí i, kò sí irin gidi tí iná yóò dì mú. Ó fa ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì yọ, omi ló wà lára rẹ̀. Ó fi irin gígùn gbìyànjú láti yí ẹ́ńjìnnì, kò mira rárá. Ikán ti jẹ pákó ara rẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé, ó sì jẹ́ pé ọ̀dà nìkan ló dá dúró níbi tí orúkọ ẹgbẹ́ wà. Ó fi ìka kan tì í, ìka náà wọlé. Nínú táyà ẹ̀yìn tó ti là, omi òjò dúró síbẹ̀, ìdin ẹ̀fọn ń yí nínú rẹ̀.

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó sì wí pé, “Màmá, ẹ má jẹ́ kí n jẹ owó yín lásán. Ọkọ̀ yìí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Jíà rẹ̀ nìkan ló ṣì wúlò. Mo mọ ẹnì kan tó ṣì ń fi Bedford kó pákó, ó sì ti ń wá irú jíà yìí tipẹ́tipẹ́.” N kò lè ṣàlàyé bí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ti rí lára mi. Ohun kan nínú ọkọ̀ bàbá mi ṣì lè rìn lójú títì, a sì ti í mọ́ ẹ̀yìn ilé kí ó lè jẹrà pẹ̀lú ìyókù.

Mo ya fọ́tò ohun gbogbo, mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Mo ní bí a kò bá tà á, ó kéré tán kí á dáwó jọ, kí á fi páànù ṣe àtíbàbà lé e lórí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan fi àmì ọkàn pupa sí abẹ́ fọ́tò náà. Ẹlòmíràn ní Ọlọ́run yóò ṣe é. Kò sí ẹni tó fi owó ránṣẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, n kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni nínú wọn títí di ìgbà tí mo sọ pé ẹni tí yóò rà á ti dé. Èyí ló bí mi nínú. Ẹni tó dákẹ́ nígbà tí à ń béèrè páànù, kí ló fún un ní ẹnu nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ títà?

Àwọn kan ní kí á gbé e fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo ti gbìyànjú ìyẹn náà. Mo lọ sí ibi kan nínú ìlú yìí tó yẹ kí ó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn ṣe sùúrù fún mi, ṣùgbọ́n ó ní àwọn kò ní àyè tó ní òrùlé, pé àwa ni yóò san owó ọkọ̀ tí yóò gbé e wá, àti pé ìta gbangba ni yóò wà. Òjò tó ń pa á lẹ́yìn ilé wa náà ni yóò tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé tiwa nìkan. Ẹ rìn láti Òkè-Bọ́lá dé Mọ́lété, kí ẹ yọjú wo ẹ̀yìn àwọn ilé. Ẹ ó rí Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná àti Beetle tí wọ́n tò ní Èkó, àwọn ọkọ̀ tí ìran àwọn bàbá wa bẹ̀rẹ̀ sí rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé láti ọdún 1975, tí wọ́n jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, tí tapólì ti ya lórí wọn. À ń pe èyí ní ìrántí. Ní tèmi, mo gbà pé ẹ̀rù ìpinnu ló ń bà wá. Bí a bá tà á, a ó ní láti pín owó. Bí a bá sì pín owó, ẹnì kan yóò ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Nítorí náà ni a ṣe fi í sílẹ̀ kí ìpẹtà bá wa pín in. Bẹ́ẹ̀ sì ni irin kì í ṣègbé bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀ lásìkò: àwọn tó ń rà á ń kó o lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Ìkòròdú àti Ògìjó, irin ìkọ́lé ni wọ́n sì ń fi ṣe. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ọkọ̀ bàbá mi gbé òpó ilé ẹnì kan dúró ju kí ó máa bọ́ ẹ̀fọn lọ.

Màmá wa, ẹni tó sun inú rẹ̀ ju gbogbo wa lọ, ní kí n tà á, kí n sì tètè ṣe é, nítorí ibà kò jẹ́ kí òun gbádùn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo kà sí ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó ń yọ mí lẹ́nu. Ọmọ mi ọkùnrin, tó wà ní Pólì Ìbàdàn, ń wọ inú ọkọ̀ náà lọ láti ìgbà tó ti gbọ́ pé yóò lọ, tó ń fi tépù wọn ibùsùn àti ibi tí iná ń wà, tó sì ń ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Kò rí eré ẹgbẹ́ alárìnjò kankan rí láyé rẹ̀. Ó bi mí léèrè bí ènìyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń pààrọ̀ aṣọ nínú ibi tóóró yìí, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó ìlù jáde láìjí àwọn tó sùn. Mo dá a lóhùn, mo ń nawọ́ sí ibí, mo ń nawọ́ sí ọ̀hún, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí mo sọ, ǹ bá má rántí rẹ̀ bí kò bá ṣe pé pákó náà wà níwájú mi. Àbúrò mi kò sọ èyí nínú gbogbo ẹkún rẹ̀, ṣùgbọ́n bóyá ohun tó ń gbìyànjú láti sọ nìyẹn. N kò ní èsì fún un.

Mo ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á, n kò sì ní dá a padà. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀ ẹ́ kí ó fún wa di ìparí oṣù, kí ọmọ náà lè yà á tán, ó sì gbà. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti bá ẹgbẹ́ kan rìn nígbà náà, tó sì lè sọ bí wọ́n ṣe ń to àpótí, ìlù àti àwọn ènìyàn sínú irú ọkọ̀ yìí, kí ó jọ̀wọ́ yà sọ́dọ̀ wa kí a tó dé ìparí oṣù.