Ìbọn tó dún nínú àkọ̀, ta ló yìn ín?

Gbólóhùn kan wà tó ń bí mi nínú lásìkò yìí: "Ó ti fọwọ́ kan trigger ni." Ẹ dárúkọ P320, ìbọn ìléwọ́ tí iléeṣẹ́ SIG Sauer ṣe, tí àwọn kan ní ó ń dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yìn ín, láàárín èèyàn mẹ́ta, ẹnì kan á sọ ọ́ dandan. Lọ́jọ́ Àìkú, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Houston níbí, ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ sọ ọ́ fún àbúrò mi lójú ìyàwó rẹ̀: "Èmi ò tíì rí ìbọn tó ń dún fúnra rẹ̀ o. Aláìbìkítà ló ń yìnbọn lu ẹsẹ̀ ara rẹ̀." Àbúrò mi ò fèsì, torí àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá ni ní ìlú kékeré kan ní Texas. Ìbọn yẹn gan-an ni wọ́n fún un níbi iṣẹ́, ìbàdí rẹ̀ ló sì ń wà láti àárọ̀ títí alẹ́.

Èmi máa fèsì níbí.

Àwọn ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ní hámà, irin tó ń gbá ìdí ọta, lẹ́yìn, ojú lásán lèèyàn fi ń rí i bóyá wọ́n ti ká a. Ọ̀pọ̀ ti òde òní ò ní. Irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní striker ló wà nínú, sípíríńgì ló ń tì í. Bó bá ti bọ́, á lọ gún ìdí ọta, ìbọn á dún. Nínú Glock, ìbọn ìléwọ́ mìíràn tí àwọn ológun Austria gbà ní 1982, sípíríńgì yẹn ò tíì fà tán nígbà tí ìbọn wà nínú àkọ̀. Ìka tó bá fa trigger ló máa fà á dé òpin. Ahọ́n kékeré kan tún wà lójú trigger náà, bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, trigger ò ní lọ. P320, tó jáde ní 2014, ò rí bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fà tán kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Ẹni tó ta kànnàkànnà rí ní kékeré mọ ìyàtọ̀ rọ́bà tí a fà díẹ̀ àti èyí tí a fà débi etí. Lóòótọ́, wọ́n fi irin ìdènà kan sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n ojú trigger, kò sí.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yan ìbọn yìí kan náà ní 2017, tí wọ́n sọ ọ́ ní M17 àti M18, wọ́n ní àfi kí ó ní ìdènà tí àtàǹpàkò lè máa tì. Wọ́n sì fi í sí i. Ti àbúrò mi ò ní.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ò tíì rí ìbọn tó ń dún fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ńkọ́? Àwọn kan tó ń dán an wò jẹ́ kí P320 bọ́ lulẹ̀ lójú kámẹ́rà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi balẹ̀, ó sì dún. Kò sí ìka kankan nítòsí. Trigger rẹ̀ ló wúwo jù: ìbọn dúró lórí ilẹ̀, trigger ò dúró, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ bíi pé ẹnì kan fà á. Ọlọ́pàá Dallas ti ní kí àwọn èèyàn wọn gbé e sílẹ̀ ná. Iléeṣẹ́ náà wá kéde pé àwọn máa fi trigger tó fúyẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tó bá wù ú láti dá tirẹ̀ padà ni. Wọn ò pàṣẹ pé kí gbogbo rẹ̀ padà wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ti yìn ín lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láìsí wàhálà, mo ti gbọ́ yín. Pé ó ń yìn dáadáa kọ́ là ń jà sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Philadelphia ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 11 dọ́là fún ọkùnrin kan tí ìbọn rẹ̀ dún nínú àkọ̀, nínú àpò, nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ní Georgia ti ṣáájú ìyẹn lọ́dún kan náà. Ọlọ́pàá Milwaukee pa tiwọn tì, wọ́n lọ gba Glock. Iléeṣẹ́ náà ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: láìfa trigger, kò lè dún.

Àbúrò mi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ fi owó ara rẹ̀ ra òmíràn, kó sì kọ̀wé gba àṣẹ kó tó lè gbé e. Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan. Ní báyìí, tó bá dé láti ibi iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ á di ọmọ wọn ọkùnrin mú títí yóò fi ti ìbọn mọ́nú àpótí, torí ọmọ yẹn fẹ́ràn kó máa sáré wá rọ̀ mọ́ itan bàbá rẹ̀. Ṣé àìbìkítà nìyẹn náà?

Mi ò ní fi ti Wyoming pamọ́ ṣá. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ọmọ ogun òfúrufú kan kú ní ibùdó F.E. Warren níbẹ̀, wọ́n ní M18 ló dún. Wọ́n kó ìbọn náà sẹ́yìn fúngbà díẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lórí ẹ̀sùn pé òun ló pa á, pé irọ́ ló sì pa fún wọn. Wọ́n dá ìbọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó sì ní ìdènà àtàǹpàkò ni o. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń ka ìròyìn pé òmíràn dún, mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá okùn jákẹ́ẹ̀tì ló wọ inú àkọ̀, tàbí ìka tí ẹnì kan ò fẹ́ jẹ́wọ́. Mi ò lè búra fún gbogbo wọn mọ́. Àmọ́ ti 2017 yẹn, ilẹ̀ lásán ni ìbọn náà bá pàdé.