Ìbàdàn ńkọ́?

Ẹ̀yin oníròyìn yìí náà ṣá, ẹ kọ ìtàn Ngozi Okonjo-Iweala láti Yunifásítì Harvard dé WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé, ẹ wá fo Ìbàdàn bí ọkọ̀ tí ò ní èrò tó fẹ́ sọ̀ níbẹ̀. Ṣé ojú ọ̀run ló ti já bọ́ sí Amẹ́ríkà ní 1973 ni? Ọmọ Ogwashi-Ukwu ni lóòótọ́, 1954 ni wọ́n bí i, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló sì ti dàgbà torí àwọn òbí ẹ̀ ń kàwé lókè òkun. Queen's School Enugu ló kọ́kọ́ lọ kí ogun abẹ́lé Biafra tó da gbogbo ẹ̀ rú. Ogun yẹn gan-an, ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ibà fẹ́ gba ẹ̀mí àbúrò ẹ̀ obìnrin, bàbá wà lójú ogun, ara ìyá ò yá, ló bá pọn ọmọ sẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ rin bíi kìlómítà 10 lọ bá dókítà, èrò wá pọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn débi pé abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló rá gbà kó tó gba ojú fèrèsé wọlé. Àbúrò ò kú o! Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sílé ìwé St. Anne's, Mọ́lété n'Ìbàdàn níbí, ó tún lọ ISI (International School Ibadan) nínú UI, Yunifásítì Ìbàdàn (bàbá ẹ̀ náà ti ṣe olùkọ́ ní UI rí), ibẹ̀ ló gbà dé Harvard, kó tó gboyè dókítà ní MIT ní 1981. Àwọn ọmọ St. Anne's tó ń du takisí Micra lábẹ́ bíríìjì Mọ́lété láràárọ̀, ṣé kò yẹ kí wọ́n rí ìyẹn kà ni? Ẹ tún ìròyìn yín kọ jàre.