Owó Ilé Tó Ń Gòkè Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Pé Àdúgbò Wa Ti Lówó

Nínú ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ní Ṣágámù, ó ti di àṣà kí ẹnì kan dìde sọ pé ìlú ti là, pé owó ti wọlé. Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń mú wá ni owó ilé tó ń lé sí i lọ́dọọdún, àti àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ síbi tí oko gbànja wà tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà wa, n kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Àwa pọ̀ sí i ni, a kò tíì lówó sí i.

Kì í ṣe òní ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Ṣágámù. Obì ló kó àwọn oníṣòwò Haúsá wá sí Sábó láyé àtijọ́, ibi tí wọ́n sì ń gbé náà ni wọ́n ti ń ná owó wọn. Àwọn tó ń dé nísinsin yìí yàtọ̀, nítorí owó ilé Èkó ló lé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè rí ọkọ̀ wọ̀, wọ́n ń padà dé lálẹ́. Èkó ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, níbẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ra ohun tí wọ́n nílò. Ohun tó ń dé ọwọ́ àdúgbò nínú owó oṣù wọn kò ju owó ilé àti owó ọ̀kadà lọ. Síbẹ̀, agbára àpò wọn ni ajẹ́ntì fi ń dá iye owó ilé, tí télọ̀ àti ìyá alákàrà tí wọ́n ti ń gbé ládùúgbò kí àwọn yẹn tó dé yóò fi máa san iye kan náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí nìyí. Ẹ jẹ́ kí a ní ilé kan tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé inú rẹ̀, kí mẹ́sàn-án nínú wọn máa rí ₦70,000 lóṣù, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti ọdún 2024, kí ẹ̀kẹwàá sì máa rí ₦900,000. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦1,530,000 ni; bí a bá pín in dọ́gba, yóò jẹ́ ₦153,000 fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tó ń rí ₦153,000! Bí a bá wá tò wọ́n láti orí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, tí a wo àárín, ₦70,000 ni a óò bá níbẹ̀, iye yẹn ló sì sọ òótọ́ nípa ilé náà. Mo tilẹ̀ ṣe àánú fún wa nínú àpẹẹrẹ yìí, torí pé òfin owó oṣù náà kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò wa kò ní ju ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Ìjọba pàápàá kò ní iye tuntun lọ́wọ́ nípa bí a ṣe pọ̀ tó. Ìkànìyàn ọdún 1991 ka 2,333,726 ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ti ọdún 2006 ka 3,751,140. Láti ìgbà náà, a kò kà mọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 2006 ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò. Bẹ́ẹ̀, iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó láti Àbújá. Owó orí náà ńkọ́? Òfin sọ pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe fẹ́ béèrè fún owó orí ẹni tí a kò kà mọ́ ara wa? (Kíkà náà gba ọgbọ́n o. Bí a bá lọ ka Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò Ojúde Ọba, iye tí a óò rí yóò tàn wá jẹ.)

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa fún kò le. Kí wọ́n lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n béèrè iye ènìyàn tó ń gbé níbẹ̀, ìlú tí olórí ilé ti ń ṣiṣẹ́, iye tó ń wọlé lóṣù, àti èló nínú rẹ̀ tó ń bá owó ilé lọ. Kí wọ́n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí ó má sì jẹ́ onílé ni yóò lọ béèrè lọ́wọ́ ayálégbé rẹ̀, nítorí kò sí ayálégbé tí yóò sọ iye tó ń rí fún ẹni tó lè tìtorí rẹ̀ fi kún owó ilé.