Kì í ṣe Awólọ́wọ̀ ló ṣí Cocoa House

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ìpàdé àwa ọmọ Ìbàdàn tó wà ní Kubwa, ẹ̀gbọ́n kan tún dìde, wọ́n ní Awólọ́wọ̀ ló kọ́ Cocoa House, ilé gogoro tó wà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ tí a bí sí Àbújá, tí ọ̀pọ̀ wọn ò fojú kan Dùgbẹ̀ rí, ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọdún. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí Cocoa House. Níbo ni Awólọ́wọ̀ wà? Ẹ̀wọ̀n ló wà! Oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ni wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 10, wọ́n ní ó fẹ́ dojú ìjọba dé. Oṣù kẹjọ ọdún 1966 ni Gowon tó dá a sílẹ̀ ní Kàlàbá, nígbà tí sójà ti gbàjọba lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló wá ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún un kó wá ṣílé ní Dùgbẹ̀? Láti òpin ọdún 1959 ló ti kúrò nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ládòkè Akíntọ́lá ló wà lórí oyè nígbà tí ilé náà dúró tán.

Orúkọ Akíntọ́lá yìí ni kò fẹ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ọdún 1965 náà ni ìbò dá wàhálà sílẹ̀, tí wọ́n ń wẹ́tìẹ̀ kiri, tí wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sára èèyàn àti ilé, tí wọ́n ń dáná sun wọ́n. Ta ló fẹ́ fi ohun rere kan sọrí rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?

Bàbá mi ṣe akọ̀wé nínú ilé yẹn kí iná oṣù kìíní ọdún 1985 tó jó o. Ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, paraku ni wọ́n, wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, sétí. Síbẹ̀, bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní: "Awo ò sí nílé nígbà yẹn." Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n máa ń pè é títí wọ́n fi kú, torí orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ nìyẹn.

Ó dáa, ó ṣeé ṣe kí èrò ilé náà ti wà lọ́kàn ìjọba Awo. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi pé owó rẹ̀ ni. Owó àwọn tó ń ṣa kòkó nínú oko ni.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955, ti Awo ni. Tẹlifíṣàn Ìbàdàn ọdún 1959, ti Awo ni. Ìyẹn ni kí ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ. Bí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ bá pé, èmi ni mo máa kọ́kọ́ nawọ́.