Ẹ ka póìǹtì kí ẹ tó ka owó: èrò ọkàn mi lórí ríra ilé stúdẹ́ǹtì ní Họ́láǹdì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí owó ẹlòmíì tó há. Nínú àwọn gúrúùpù WhatsApp àwa Yorùbá tó wà ní Họ́láǹdì níbí, àti láàárín àwọn tó wà ní London tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa fowó sí, ìmọ̀ràn kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀: ẹ jẹ́ ká dáwó jọ, ká ra fúláàtì onírúùmù mẹ́rin ní Rotterdam tàbí Delft tàbí Groningen, ká kó stúdẹ́ǹtì mẹ́rin sí i, kí kálukú máa san €800. Ìyẹn €3,200 lóṣù. Wọ́n á wá fi fọ́tò ìpolówó rúùmù orí íntánẹ́ẹ̀tì sí i láti fi hàn pé òótọ́ ni, ẹ wò ó, iye tí wọ́n ń gbà nìyí.

Iye tí wọ́n ń gbà lóòótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n iye tí èèyàn ń gbà àti iye tí òfin ní kó gbà kì í ṣe ọ̀kan náà níbí, ibẹ̀ gan-an sì ni owó àwọn èèyàn wa máa há sí.

Torí pé èrò onílé Èkó la gbé wá. L'Ékòó, onílé ló ń dá iye tó bá wù ú, á gba ti ọdún kan tàbí ọdún méjì kalẹ̀, ti ágẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì á tún wà lọ́tọ̀, tẹ́náǹtì tí ò bá sì rí i san á kó ẹrù ẹ̀ lọ síbòmíì. Ní Họ́láǹdì, rúùmù tó bá ti jẹ́ pé èèyàn ń bá ẹlòmíì pín kíṣìnì tàbí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, òfin ló ń dá owó ẹ̀. Póìǹtì ni wọ́n máa ń kà. Sùkúwéà mítà kọ̀ọ̀kan nínú rúùmù tí tẹ́náǹtì dá ní, póìǹtì kan nìyẹn. Kíṣìnì tí gbogbo wọn jọ ń lò, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á pín in, tó bá fẹ̀ tó 10 sùkúwéà mítà tí rúùmù mẹ́rin ń lò ó, póìǹtì méjì ààbọ̀ ló kan rúùmù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ka ti ẹ̀rọ amúlémóoru, ti ilé ìwẹ̀, wọ́n á wo WOZ, ìyẹn iye tí ìjọba ìbílẹ̀ sọ pé ilé náà tó lọ́dún yẹn, wọ́n á sì wo lébẹ́ẹ̀lì ènájì ilé náà, ìyẹn ìwé tó ń sọ bóyá ilé náà máa ń jẹ iná àti gáàsì jù. Nígbà tí wọ́n tún òfin póìǹtì rúùmù yìí ṣe ní July 1, 2024 ni WOZ àti lébẹ́ẹ̀lì yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìṣirò, torí náà ilé àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ tútù ń gba ojú fèrèsé ẹ̀ wọlé, tí ẹ rà torí pé ó pọ́ọ́kú, ilé yẹn náà ni póìǹtì máa dín kù lórí ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á lọ wo tábìlì ìjọba, iye tó bá wà níwájú póìǹtì yẹn ni rẹ́ǹtì tó ga jù. Ó parí.

Odidi ilé ní ibi tó ti lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí, tó bá ti tó póìǹtì 187, onílé lè dá iye tó fẹ́. Rúùmù ò ní ibẹ̀ rárá. Ẹ lè fi mábù sí ilẹ̀ ẹ̀, ẹ lè fi tẹlifísọ̀n tó bo ògiri sí i, rúùmù ni, póìǹtì ẹ̀ ni wọ́n máa kà.

Mo mọ ọmọ kan tó wá láti Ìbàdàn wá kàwé ní Delft. Rúùmù ẹ̀ ò ju 11 sùkúwéà mítà lọ, bẹ́ẹ̀dì, tábìlì kan, àga kan, tó bá fẹ́ ṣí wọ́dúróòbù ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti àga yẹn sábẹ́ tábìlì. €750 ni wọ́n kọ sínú àgírímẹ́ǹtì, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀, iná, gáàsì, íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò ya rẹ́ǹtì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn owó yòókù. Onílé ẹ̀ ò mọ̀ pé ìyẹn nìkan ti tó láti kó bá òun. Irú iye tí wọ́n dà pọ̀ báyẹn, òfin gba tẹ́náǹtì láyè láti ní kí wọ́n yà á, tí onílé bá kọ̀, kó gba Huurcommissie lọ, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń dájọ́ rẹ́ǹtì. €25 ni ọmọ yẹn san, wọ́n sì dá a padà fún un nígbà tó jàre. Ìlànà wọn ni pé rẹ́ǹtì gan-an á wálẹ̀ sí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún iye àdàpọ̀ yẹn, wọ́n á wá fi ìdá 25 sí i fún iná àti ìyókù. Ẹ ṣe é lórí €750: €412.50 àti €187.50, àpapọ̀ ẹ̀ €600. Ìyẹn tí póìǹtì rúùmù náà bá tiẹ̀ gbé e o, tí kò bá gbé e, ó lè wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. €150 lóṣù, kíá, ó ti lọ lọ́wọ́ onílé. Tẹ́náǹtì rúùmù ò sì ní láti sáré, ó lè gbé ní ọdún méjì kó tó jí lọ́jọ́ kan kó lọ ka póìǹtì.

Inú mi dùn fún ọmọ yẹn, mo sọ ọ́ ní gbangba. Mi ò sí lára àwọn tó ń bú òfin yìí. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ta ilẹ̀ nílé kó tó rí owó ilé ìwé san, tó débí tí ò mọ ẹnì kankan, tí ò gbọ́ èdè wọn, ẹni bẹ́ẹ̀ á san iye yòówù tí wọ́n bá pè torí kó má baà sùn síta. Ní Groningen lọ́dún 2018, inú tẹ́ǹtì ni wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè sùn sí nígbà tí yàrá tán. Tí kò bá sí òfin, irú wa ni wọ́n máa kọ́kọ́ fá lórí. Kí àwa tí wọ́n fá lórí nígbà tá a dé wá di ẹni tó ń fá ọmọ ará ilé ẹ̀ lórí, kò bójú mu lójú mi.

Èmi ò sọ pé kẹ́ ẹ má ra ilé. Ohun tí mò ń sọ ni pé rẹ́ǹtì póìǹtì ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n iye tẹ́ ẹ máa san fún ilé náà, kì í ṣe rẹ́ǹtì inú fọ́tò. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ilé €400,000. Ká ní póìǹtì gbé rúùmù kọ̀ọ̀kan dé €475, mẹ́rin ẹ̀ jẹ́ €1,900 lóṣù, €22,800 lọ́dún. Kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, owó orí ríra ilé ń dúró dè yín. Títí di 2020, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo èèyàn ń san. Lọ́dún 2021 wọ́n sọ ọ́ di 8 fún ẹni tí ò ní gbé inú ẹ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí 10.4 ní 2023, ìgbà tó di January 2026 ni wọ́n tó dá a padà sí 8. Lórí €400,000, €32,000 nìyẹn. Ẹni tó máa gbé ibẹ̀ fúnra ẹ̀, ìdá 2 àtijọ́ yẹn ló ṣì ń san, €8,000 péré.

Lẹ́yìn náà, box 3, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń gbà lórí owó ìpamọ́ àti ohun ìní. Ibí yìí ni inú ti ń bí mi sí ìjọba wọn. Tó bá jẹ́ lórúkọ ara yín lẹ fi ra ilé náà, ìjọba ò ní bi yín pé èló lẹ pa. Wọ́n á kàn sọ pé ẹ ti pa á. Lọ́dún 2025, wọ́n ní ẹni tó bá ní irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ pa ìdá 5.88 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ẹ̀, wọ́n á wá gba ìdá 36 nínú èrè tí wọ́n fọkàn rò yẹn. Lórí ilé tí WOZ ẹ̀ jẹ́ €400,000, èrè tí wọ́n fọkàn rò jẹ́ €23,520. Ẹ padà lọ wo rẹ́ǹtì ọdún kan tá a kọ sókè yẹn, €22,800! Rẹ́ǹtì tí ìjọba kan náà fi òfin dá ò tó èrè tí ìjọba sọ pé ẹ jẹ, ẹ ò sì tíì kun ilé, ẹ ò tíì san owó ẹgbẹ́ onílé fúláàtì, ẹ ò tíì tún páìpù kankan ṣe. Owó orí yẹn á sún mọ́ €8,500, ká fi ìwọ̀nba tí wọ́n máa ń yọ sílẹ̀ fún olúkúlùkù àti gbèsè báńkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Họ́láǹdì ti sọ ní June 6, 2024 pé ẹni tí èrè ẹ̀ gan-an ò tó iye yẹn lè mú ẹ̀rí wá. Ó dáa, ṣùgbọ́n wọ́n ní tí owó ilé bá gòkè lọ́dún yẹn, kódà tẹ́ ò tà á, apá kan èrè ni, nítorí náà lọ́dún tí owó ilé bá gòkè, ẹ̀rí yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún onílé.

Ohun tó bá èmi lọ́kàn jẹ́ nìyí. Ẹ dá rẹ́ǹtì, mo fara mọ́ ọn. Ẹ gba owó orí, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kan dé rẹ́ǹtì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kejì gba owó orí lórí rẹ́ǹtì tí kò sí, onílé tó ń ṣe dáadáa gan-an á tà, ohun tí wọ́n sì ń ṣe nìyẹn. Tí stúdẹ́ǹtì kan bá ti kó jáde wọn ò ní gba òmíì, wọ́n á dúró kí gbogbo wọn tán, wọ́n á ta ilé náà fún tọkọtaya tó fẹ́ gbé e. Ilé tí èèyàn mẹ́rin ń gbé di ti èèyàn méjì. Inú tọkọtaya yẹn á dùn, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin yẹn dà? Ẹ lọ wo ìpolówó rúùmù tó kù, ẹ wo iye tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ń sọ Dutch nìkan. Nínú àwọn ilé stúdẹ́ǹtì wọn, àwọn tó wà nínú ilé ló sábà máa ń yan ẹni tó máa wọlé, wọ́n á pe bí èèyàn mẹ́wàá lálẹ́ kan, wọ́n á fún wọn ní bíà, wọ́n á mú ẹnì kan. Ọmọ tó ṣì wà ní Ìbàdàn tó ń dúró de físà, báwo ló ṣe fẹ́ dé ibẹ̀?

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà lẹ́yìn gbogbo èyí, kó bi ìjọba ìbílẹ̀ léèrè kó tó bi báńkì. Láti January 2022 ni òfin ti gba àwọn ìlú láyè láti sọ pé ilé olówó pọ́ọ́kú, ẹni tó bá rà á ò gbọ́dọ̀ fi rẹ́ǹtì fún ọdún mẹ́rin, Amsterdam sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní April ọdún yẹn. Amsterdam kan náà, tí àwọn àgbàlagbà tí wọn kì í ṣe ẹbí bá fẹ́ jọ gbé, ilé náà lè nílò ìwé àṣẹ. Ìwé ẹgbẹ́ onílé fúláàtì náà lè ní ẹ ò gbọ́dọ̀ gé ilé sí rúùmù. Ẹ má sì fi gbèsè báńkì tí wọ́n fún yín láti gbé ilé fúnra yín ra ilé tẹ́ ẹ máa fi rẹ́ǹtì, báńkì lè ní kẹ́ ẹ dá owó òun padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Dípọ́sìtì, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà ju rẹ́ǹtì oṣù méjì lọ. Ẹ má sọ fún stúdẹ́ǹtì pé kó má fi àdírẹ́ẹ̀sì yín forúkọ sílẹ̀ ní gemeente, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ìwà yẹn ò dáa rárá, láìsí ìforúkọsílẹ̀ ọmọ náà ò lè rí BSN gbà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún kálukú, láìsí BSN kò lè ríṣẹ́ gidi ṣe.

Tẹ́ ẹ bá rí ilé tí tẹ́náǹtì ti wà nínú ẹ̀, ẹ rántí pé títa ilé ò fọ́ àgírímẹ́ǹtì wọn. Ẹ̀yin lẹ máa jogún wọn, àti rẹ́ǹtì tó ga ju póìǹtì lọ tí ẹni tó tà á fún yín ti ń gbà. Tó bá ní kálukú wọn ń san €800, ẹ ní kó kó ìwé ìṣirò póìǹtì rúùmù kọ̀ọ̀kan jáde, torí láti January 1, 2025, dandan ni kí ìwé yẹn wà pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì tuntun. Tí kò bá rí i kó jáde, ẹ mú tépù lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ wọn rúùmù náà fúnra yín, kẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀rọ ìṣirò orí wẹ́bùsáìtì Huurcommissie, ọ̀fẹ́ ni, iye tó bá gbé jáde lẹ máa fi dá a lóhùn nígbà tẹ́ ẹ bá ń ná ilé náà.